Ọ̀pá Tí Wọ́n Ní Kí N Sanra Fún

Òórùn fóòmù tí òjò ti pa, tí wọ́n wá sá sóòrùn, ni mo fi ń rántí pápá ìṣeré yunifásítì wa n'Ílé-Ifẹ̀. Kò sí lọ́fínńdà tó lè bò ó mọ́lẹ̀. Títí dòní, bí mo bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù oníbẹ́ẹ̀dì kọjá tí òórùn yẹn bá kọ lù mí, èjìká mi òsì á kọ́kọ́ ta mí kí n tó mọ ohun tí mo ń rántí. Ìwọ náà mọ̀ mí nígbà náà, mo rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, atẹ́gùn ò ní í pẹ́ gbé mi lọ, ni ẹ máa ń wí.

Eré tí mo ń ṣe ni kí èèyàn gbé ọ̀pá gígùn sáré, kó ki ìdí rẹ̀ bọ ihò kan nílẹ̀, kí ọ̀pá náà tẹ̀, kó sì na padà láti sọ ọ́ sókè kọjá igi tí wọ́n fi dábùú, kó wá balẹ̀ sórí fóòmù lódìkejì. Àwọn tí kò ṣe é rí rò pé ọ̀pá ni ọ̀pá ń jẹ́. Irọ́ ni! Ohun àkọ́kọ́ tí àwa ń wò ni nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára, torí ìwọ̀n ara ẹni ni wọ́n fi ń ṣe é. Èyí tó bá rọ̀ jù lè kán mọ́ ọ lọ́wọ́ lókè. Èyí tó bá le jù kò ní tẹ̀ rárá, ṣe ni yóò tì ọ́ padà síbi tí o ti ń bọ̀, níbi tí kò sí fóòmù. Lẹ́yìn ìyẹn la tó ń wo gígùn rẹ̀, ká fọwọ́ ra á lára bóyá ó ti sán níbì kan. Èyí tó bá bá ọ mu, wàá mọ̀ ọ́n bí ẹsẹ̀ ṣe ń mọ bàtà.

Èyí tí mo ń lò wá sán lọ́jọ́ kan. Kóòṣì wa bẹ ọkùnrin kan tó ti jáde nílé ẹ̀kọ́ wa tipẹ́, tó ń gbé òkè òkun, ìyẹn sì fi ọ̀pá kan tó ń dán gbinrin ránṣẹ́. Háà, ariwo ayọ̀ sọ! Wọ́n gbàdúrà lé ọ̀pá lórí, gbogbo wa ya fọ́tò pẹ̀lú ẹ̀. Ìyá mi pe ọkùnrin náà lórí fóònù láti dúpẹ́, ó sì kúnlẹ̀. Lórí fóònù o! Ó kúnlẹ̀ sí pálọ̀ wa n'Ílódè bí ẹni pé onítọ̀hún ń wò ó. Èmi wá wo nọ́ńbà ara ọ̀pá. Géńdé ọkùnrin ni wọ́n ṣe é fún.

Mo sọ fún kóòṣì. Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ní ń dá ẹ̀bùn padà? Ìwọ ni kó o lọ sanra."

Mo rò pé àwàdà ni, àṣé kò ṣàwàdà. Ó pe ìyá mi, ìyá mi sì gbà á bí iṣẹ́ Olúwa. Iyán láàárọ̀, ẹ̀wà àti búrẹ́dì lọ́sàn-án, ẹ̀bà lálẹ́, ẹyin tí mi ò bèèrè. Bí mo bá ní mo ti yó, á ní, "Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Jẹun jàre." Mo sanra lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ìdí ló kó gbogbo ẹ̀ lọ. Eré mi ò yá mọ́, ọ̀pá ò sì tẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá fò ló ń tì mí padà. Bí mo bá ní mi ò ṣe mọ́, ojú á ti kóòṣì tó lọ bẹ̀bẹ̀, ojú á ti ìyá mi, wọ́n á sì yọ mí nínú ẹgbẹ́. Bí mo bá sì ń bá a lọ, ọrùn mi ni mo fi ń ṣeré. Ọ̀rọ̀ há mi lọ́fun, kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé pọ̀. Mo máa ń sunkún nínú báluwẹ̀, mà á bọ́jú, mà á tún lọ jẹ iyán.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yan àwọn tí yóò lọ bá àwọn yunifásítì yòókù díje ni ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ wá. Wọ́n gbé àga ọlọ́wọ̀ fún un, ìyá mi jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Mo sáré, mo ki ọ̀pá bọ ihò, ọ̀pá dúró gbagidi bí òpó iná. Bó ṣe dá mi padà nìyẹn, mo fi èjìká òsì balẹ̀ lórí ilẹ̀ líle.

"Ó kù díẹ̀!" Ọkùnrin náà ń pàtẹ́wọ́.

Kóòṣì bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi, ó sọ sí mi létí. "Dìde, wọ́n ń wò wá."

Mo dìde, àmọ́ mi ò padà sídìí eré. Mo wọ́ ọ̀pá lọ bá ọkùnrin náà, mo kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, sà. Ọlọ́run á san án fún yín. Ṣùgbọ́n ọ̀pá yìí fẹ́ pa mí."

Ó wo ọ̀pá, ó wò mí. "Kílò mélòó lo wọ̀n?" Mo sọ ọ́. Ó dorí kodò. "Ọ̀pá tí èmi fi fò nígbà tèmi nìyí. Wọ́n ní ẹni tó mọ̀ ọ́n fò jù lọ ni yóò lò ó, mo wá fi èyí tí mo fẹ́ràn jù ránṣẹ́. Mo ní àwọn tó fúyẹ́ nílé. Kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò bi mí?"

Ṣùgbọ́n wọ́n ti yan àwọn ẹlòmíràn kí oòrùn tó wọ̀. Orúkọ mi ò sí níbẹ̀. Ó dùn mí wọra, mi ò ní í purọ́.

Nínú takisí tó ń gbé wa lọ sílé, ìyá mi yíjú sí mi. "Ṣé ẹ̀rù ti ń bà ọ́ látọjọ́ yìí, o sì ń jẹ gbogbo oúnjẹ yẹn?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì."

Ó bú sẹ́kún. Ọ̀rẹ́, gbogbo ìbẹ̀rù tí mo kó mọ́ra, mi ò rò pé ẹ̀kún rẹ̀ ló máa yọ ọ́ jáde. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé àwọn tó há mi mọ́ yẹn, ìfẹ́ ni wọ́n fi há mi mọ́, kò sì sí ẹni tó lè mọ̀ pé ó ń fún mi lọ́rùn bí mi ò bá lanu. Mi ò díje mọ́ láyé mi. Ṣùgbọ́n ọrùn mi kò ṣẹ́, mo sì lè wo ojú ẹni tó fẹ́ràn mi báyìí, kí n ní, "Ẹ ṣé, ó pọ̀ jù."