Ta Ni Oyè Kàn Nílé Grandma Evanston?

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí eyín iwájú mi méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, kò sí ẹni tí màmá mi lè fi mí sílẹ̀ fún ní ìgbà ìsinmi summer. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà sí Chicago, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. A jọ ń wọ train lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Evanston ni. Arúgbó obìnrin òyìnbó kan ló ń tọ́jú níbẹ̀, Grandma Evanston la sì ń pè é.

Ọmọ ọba ni Grandma. Bàbá bàbá rẹ̀ jọba ní Yúróòpù kí àwọn ará ìlú tó lé gbogbo ìdílé wọn kúrò láàfin. Ọ̀rọ̀ yìí kò yé mi rárá. Ọmọ ọba, ó sì ń wọ súwẹ́tà tó ti lu nígbọ̀nwọ́! Ọbẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí ọbẹ̀ ata, àmọ́ nígbà tí mo tọ́ ọ wò, ńṣe ló ń dùn bíi ṣúgà. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa nu àwọn ṣíbí fàdákà rẹ̀ tí wọ́n ya orí ẹyẹ sí lára. Bí mo bá fi wọ́n ṣeré, màmá mi á ní kí n kúnlẹ̀ kí n nawọ́ sókè, ṣùgbọ́n kí n jìnnà sí fèrèsé o, kí aládùúgbò má baà pe ọlọ́pàá.

Ọmọ ọba ni màmá mi náà. Ní ìlú wọn, ilé mẹ́rin ni oyè ń yí kárí. Ó ní bàbá òun fọwọ́ sí ìwé kan láìkà á, bí oyè ṣe fo ilé àwọn nìyẹn. Ó dùn ún dọ́kàn.

Lọ́jọ́ kan, àbúrò Grandma dé láti Yúróòpù. Ọkùnrin ni, òun nìkan sì ni Grandma ní láyé. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí wọn ò ti sọ̀rọ̀, nítorí ìjà lórí ẹni tí í ṣe olórí ìdílé. Inú Grandma dùn débi pé ó kun ètè. Àbúrò mú ìwé jáde pé kí ó fọwọ́ sí i, kí ọmọkùnrin òun di olórí, kí ìjà sì parí. Grandma mú bírò. Ni màmá mi bá já wọlé láti kíṣìnnì.

“Grandma, please, don't sign o! Ilé yín ló kàn! Bí wọ́n ṣe gba turn bàbá mi nìyẹn!”

Grandma fi bírò sílẹ̀. Àbúrò rẹ̀ wò wá títí, ó kó ìwé rẹ̀, ó lọ.

Màmá mi ń yọ̀. Ó bi Grandma pé ìgbà wo gan-an ni oyè máa kan ilé wọn. Grandma ní oyè wo? Ìlú náà ti ń dìbò yan ààrẹ kí wọ́n tó bí òun, ààfin sì ti di ibi tí àwọn èèyàn ń sanwó wọ̀ láti wòran.

“Kí ni wọ́n wá ń jà lé lórí?” Èmi ni màmá mi ń bi, àfi bí ẹni pé mo mọ̀.

Ó kúnlẹ̀, ó bẹ Grandma. Grandma ní kó dìde, pé òun fúnra òun lòun fi bírò sílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbẹ́ fóònù ló ń jókòó sí, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ kò pè. Kí n tó padà sí school, ìròyìn dé pé ọkùnrin náà ti kú. Màmá mi sunkún ju Grandma lọ. Ó ń sọ ṣáá pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Nígbà náà, mo rò pé kíkéré tí mo kéré ló fà á tí nǹkan ò fi yé mi, pé bí mo bá dàgbà, gbogbo rẹ̀ á yé mi. Mo ti wá dàgbà báyìí. Bàbá wa ti kú, ilé kan tí òrùlé rẹ̀ ń jò ló fi sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Èmi ni àkọ́bí, àmọ́ Wálé àbúrò mi ní òun ni ọkùnrin. Woodridge ló ń gbé, èmi wà ní Lansing, ẹ̀bá Chicago náà ni méjèèjì, ọdún kejì rèé tí a ti sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Kò sí èyí tó máa lọ gbé ilé náà nínú àwa méjèèjì.

Ní Sunday tó kọjá, ọmọ mi bi mí pé, “Mummy, what are you and Uncle Wálé even fighting about?”

Mo ní kó lọ ṣe homework ẹ̀.