Mégáàdì Inú Kọ̀ǹpútà Jímọ̀h

Tí ẹ bá fẹ́ kí Jímọ̀h Bákàrè bínú, ẹ sọ fún un pé kọ̀ǹpútà kò yàtọ̀ sí tẹlifíṣọ̀n. Asawase ni wọ́n bí i sí, ní Kumasi níbí, ṣùgbọ́n ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń pe ara rẹ̀, ìlú tí kò fojú kàn rí. Rédíò ló ń tún ṣe tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1998 tí mò ń sọ yìí, ó ti di oníkọ̀ǹpútà, èmi Yéwándé tí mò ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò sì nísinmi mọ́. Pákó lásán tó ní ihò ni ògiri tó wà láàárín wa, kò sí ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ tí n kì í rí, kò sì sí ohun tí wọ́n sọ tí n kì í gbọ́.

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ẹni mẹ́ta ló sì ń lò ó. Alhaji Sàláúdéènì, ẹ̀gbọ́n Jímọ̀h, ló rà á fún wọn. Bàbá náà máa ń wá láti Aboabo lẹ́yìn ìrun àsárì wá tẹ lẹ́tà àwọn ará mọ́sáláṣí. DOS ló mọ̀ ọ́n lò, ìyẹn ètò àtijọ́ tí ojú rẹ̀ dúdú, tí kò ní àwòrán kankan. Windows ni ti Sàbírátù, ìyàwó Jímọ̀h. Ibẹ̀ ló ti ń ṣe ìwé ètò ìsìnkú, àwọn Àṣáńtì kì í sì í jẹ́ kí Sátidé kan lọ láìsin òkú, nítorí náà iṣẹ́ kì í wọ́n ọn. Jímọ̀h alára gba ètò tirẹ̀, Linux, lọ́wọ́ ọmọ yunifásítì kan. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń fi í ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ tó bá ti wà níbẹ̀.

Ètò mẹ́ta kò lè jí lẹ́ẹ̀kan náà. Ètò kékeré kan ló máa ń kọ́kọ́ dìde tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ, òun ló sì ń pinnu ẹni tí yóò wọlé. Jímọ̀h ń pè é ní mégáàdì. Èyí tó kọ́kọ́ lò wà nínú dísìkì pẹlẹbẹ, eruku ọyẹ́ bà á jẹ́. Èyí tó tẹ̀ lé e, inú DOS ni wọ́n ti ń pè é, Sàbírátù sì ní òun ò ní máa gba pálọ̀ ẹlòmíì kọjá kí òun tó dé ilé ìdáná òun. Ni Jímọ̀h bá yan LILO, mégáàdì tó bá Linux wá.

LILO ní kó sọ ẹni tí yóò wà níwájú: bí ẹnikẹ́ni ò bá tètè yan nǹkan kan, ti iwájú ni yóò dìde. Ẹlòmíì ìbá fi èyí tí wọ́n ń lò jù síwájú. Ṣùgbọ́n Jímọ̀h ní ẹ̀gbọ́n òun kọ́ ni yóò tẹ̀ lé ìyàwó òun lẹ́yìn. Ó fi DOS síwájú.

Lọ́dún yẹn, wọ́n ń pín iná fún wa ni. Bí iná bá lọ tó sì dé, tí Sàbírátù ń dá oníbàárà lóhùn, DOS á ti wọlé. Sàbírátù á tún pa ẹ̀rọ, á tún tan án. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, Kwaku onítakisí dúró de ìwé ìsìnkú àbúrò ìyá rẹ̀, iná ń lọ, iná ń bọ̀. Sàbírátù yíjú sí ọkọ rẹ̀.

“Jímọ̀h, mabrɛ, ó ti rẹ̀ mí. Tèmi ni kó o fi síwájú, àbí kí n kó iṣẹ́ mi lọ bá oníkọ̀ǹpútà ní Santasi?”

Lójú ẹsẹ̀ ni Windows bọ́ síwájú. Lọ́jọ́ kejì, Alhaji dé, ó tan ẹ̀rọ, ó lọ bu omi mu. Nígbà tó padà, àwòrán ló bo gbogbo ojú ẹ̀rọ, kò sì mọ ibi tí yóò fọwọ́ kàn. Ó jókòó, ó ń wò ó. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Alhaji kì í pariwo.

“Ẹ ti tì mí síta,” ló wí. “Kò burú. Tó bá di Mọ́ńdè, n ó gbé ẹ̀rọ mi lọ sílé, insha Allahu.”

Ta ló fẹ́ bá a jiyàn? Bí ẹ̀rọ yẹn bá lọ, iṣẹ́ Sàbírátù ti parí nìyẹn, Jímọ̀h á sì padà sídìí rédíò tí ẹnikẹ́ni ò gbé wá túnṣe mọ́. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó ń dá sọ̀rọ̀: kí DOS padà síwájú, kí Windows wà níbẹ̀, kó yọ Linux tirẹ̀ dànù. Ó sú mi. Mo gba inú pákó bi í pé ṣé dandan ni kí ẹnì kan ṣíwájú ni. Títẹ bọ́tìnì ló kù tí mo ń gbọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ títí mo fi tilẹ̀kùn.

Ní Mọ́ńdè, Alhaji dé pẹ̀lú ọlọ́mọlanke kan. Jímọ̀h dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó tan án lẹ́ẹ̀kan péré. Alhaji tan án. Ọ̀rọ̀ jáde lójú ẹ̀rọ: “Àgò o. Ta ni?” Ó sì dúró. Alhaji náà dúró. Kò sí ètò kankan tó dìde, kò sí èyí tó wà níwájú mọ́.

“Ta ni ẹ̀rọ ń bi?”

“Ẹ̀yin ni, Alhaji. Ẹ tẹ orúkọ yín.”

Ó fi ìka kan tẹ ALHAJI, DOS sì wọlé. Ó pa á, ó tún tan án, ó káwọ́ lẹ́rán, ó ń ṣọ́ bóyá ẹnì kan yóò yọ́ wọlé. Ẹ̀rọ náà ò mira. Inú rẹ̀ dùn débi tó rẹ́rìn-ín. Ó bi Jímọ̀h bí ìyàwó rẹ̀ yóò ṣe máa wọlé, Jímọ̀h ní Sàbírátù náà á tẹ orúkọ tirẹ̀ ni.

“Ta wá ni àgbà níbẹ̀?”

Jímọ̀h ní, “Ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́n, Alhaji. Àwa la mọ̀ ọ́n.”

Alhaji yíjú sí ọlọ́mọlanke. Ó sọ fún un pé kó má lọ lọ́wọ́ òfo, kó lọ sí Aboabo lọ bá òun gbé àga òun wá, nítorí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀bù yìí ń dun òun nídìí. Àga náà tóbi gan-an. Ẹ̀gbẹ́ ni Sàbírátù ń fi wọlé báyìí.