Fọ́ọ̀mù Tí Bàbá Mi Gbé Lọ Sí Ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣe ìdánwò àṣewọlé yunifásítì tí mo sì fìdí rẹmi, ìṣègùn òyìnbó ni mo sì kọ sí fọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀mejèèjì. Bàbá mi, tó jẹ́ wẹ́dà ní Òkòkòmáìkò, sọ pé ẹ̀ẹ̀kẹta ni òpin: bí mi ò bá wọlé, kí n lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ àbúrò wọn obìnrin. Mi ò kórìíra aṣọ rírán o. Ṣùgbọ́n ìwé ló ń wù mí. Bí mo bá rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀pù wa, ó máa ń dùn mí dénú pé n kò sí lára wọn.

Obìnrin kan wà ní ẹ́sítéètì Ìbà, ọmọ Èkìtì, olùkọ́ ní yunifásítì tó wà nítòsí wa. Mọ́mì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Láràárọ̀ Sátidé, wọ́n máa ń gba àwa tí a fẹ́ wọ yunifásítì sí pálọ̀ wọn. Wọ́n á bá wa yan ohun tí a fẹ́ kọ́, wọ́n á wo sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó bá a mu, wọ́n á sì jókòó tì wá títí a ó fi kọ fọ́ọ̀mù tán. Bàbá mi ṣe irin ojú fèrèsé fún wọn láìgba kọ́bọ̀. Ohun tí wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí Mọ́mì gbà mí.

Obìnrin náà le! Pẹ́ńsù ò gbọdọ̀ kan fọ́ọ̀mù títí o ó fi kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin sórí ìwé lásán. Fọ́ọ̀mù kì í sì í jáde nílé wọn títí di ọjọ́ tí a ó fi ránṣẹ́. Wọ́n á ní, "Ẹ̀rọ ló ń kà á, kì í ṣe èèyàn. Ẹ̀rọ ò mọ 'ẹ jọ̀ọ́', kò mọ 'ẹ má bínú'."

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, wọ́n bi mí pé kí ni mo fẹ́ kọ́.

"Medicine, mà."

"Ta ló fẹ́ jẹ́ dókítà?"

"Bàbá mi ni, mà."

"Ṣé wọ́n ti ra fọ́ọ̀mù tiwọn?"

Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi, díẹ̀ ló kù kí n dìde. Mọ́mì ò tiẹ̀ wojú mi, ìwé mi ni wọ́n ń ṣí. Ẹ̀yìn ìwé náà kún fún àwòrán geètì: èmi ni mo máa ń yà á fún bàbá mi, pẹ̀lú ìwọ̀n gígùn àti ìbú rẹ̀, kí wọ́n tó gé irin. Mo tún ti ya ilé sẹ́yìn àwọn geètì yẹn, ilé olókè, nítorí geètì tí kò nílé máa ń bí mi nínú. Mọ́mì wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, àpò ṣòkòtò ló wà." Bí mo ṣe gbọ́ nípa akitẹ́ẹ̀tì nìyẹn, àwọn tó ń ya ilé kí bíríkìlà tó kọ́ ọ. Ara mi yá gágá. A fi Máàsì dípò Báọ́lọ́jì, mo sì kàwé títí ojú mi fi pọ́n.

Ohun kan ṣoṣo ni mi ò lè ṣe: kí n sọ fún bàbá mi. Ìjọ aláṣọ funfun ni wá. Bàbá mi ti dìde nínú ìjọ pé dókítà ni àwọn yóò fi dá Ọlọ́run lọ́lá, àwọn ará ìjọ sì ti ń pè wọ́n ní Bàbá Dókítà. Nígbà tí mo kọ fọ́ọ̀mù tán, mo bẹ Mọ́mì kí wọ́n jẹ́ kí n gbé e lọ fi han bàbá mi, kí n lè fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Wọ́n kọ̀, mo sunkún, wọ́n yọ̀ǹda. Mo délé, ẹnu mi wúwo. "Mo ti kọ fọ́ọ̀mù tán, sà," ni gbogbo ohun tó jáde. Mo tọ́jú rẹ̀ sínú báàgì.

Ẹ wá wo ìfẹ́ òbí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, kí n tó jí, bàbá mi ti mú fọ́ọ̀mù náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wòlíì gbé e sórí pẹpẹ, gbogbo ìjọ na ọwọ́ sí i, wọ́n sì da òróró àdúrà lé e lórí, kì í ṣe díẹ̀. Nígbà tí bàbá mi gbé e fún mi lọ́sàn-án, ojú wọn ń dán. Fọ́ọ̀mù náà ń dán jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú ewé kan ti ń hàn sí èkejì, gbogbo ohun tí mo fi pẹ́ńsù kùn ti dàrú. Mo figbe ta. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí ọmọ kì í sọ sí bàbá rẹ̀, ojú ṣì ń tì mí dòní.

Ọjọ́ márùn-ún péré ló kù kí wọ́n má gba fọ́ọ̀mù mọ́. Ní ọjọ́ Ajé, bàbá mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n lọ tò níbi tí wọ́n ti ń ta fọ́ọ̀mù, láti àárọ̀ dalẹ́. Ọjọ́ kejì bákan náà. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí ọ̀kan rà lára ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù. Wọ́n fúnra wọn gbé e lọ sí pálọ̀ Mọ́mì, èmi ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, èmi ni mo ṣẹ̀," ni bàbá mi wí. "Ẹ má bínú sí i."

"Ẹ jókòó, Bàbá. Àdúrà wo lẹ gbà sórí ti àkọ́kọ́?"

"Pé kó di dókítà."

"Kì í ṣe dókítà ló kọ síbẹ̀."

Mọ́mì ṣí ìwé mi, wọ́n gbé e lé bàbá mi lórí itan, wọ́n sì ṣàlàyé iṣẹ́ akitẹ́ẹ̀tì fún wọn. Bàbá mi ń fi ìka tọ ìlà àwọn ilé tí mo yà, bí wọ́n ṣe máa ń tọ irin kí wọ́n tó gé e. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá ní rárá, mi ò ní kọ ọ́.

"O bẹ̀rù láti sọ fún mi?" ni wọ́n bi mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó dùn wọ́n, mo rí i lójú wọn. Nígbà tó yá, wọ́n kọjú sí Mọ́mì. "Mà, dókítà ni mo ṣèlérí fún ìjọ. Ọmọ ni Ọlọ́run fún mi. Ẹ jẹ́ kó kọ tiẹ̀, èmi á lọ bá ìjọ sọ̀rọ̀."

Mo kọ ọ́ níwájú wọn. Wọn ò kúrò níbẹ̀ títí mo fi kun èyí tó gbẹ̀yìn, ọdún yẹn náà ni mo sì wọlé.