Mo Gbé Àga Àbẹ̀kẹ́ Lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó

Aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Àìkú ni mo kúrò nílé mi l'Ábẹ́òkúta. Àga onítáyà tí Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó mi, fi ń gbá básikẹ́tì kí ó tó kú ni mo gbé dání. Wàsíù kan ló bẹ̀ mí lórí fóònù pé kí n fi ta ẹgbẹ́ àwọn lọ́rẹ, ẹgbẹ́ eré ìdárayá àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn, ní Ìsàlẹ̀ Èkó. N kò mọ̀ ọ́n rí. Mo ti pinnu pé bí ara bá fu mí, èmi àti àga náà la ó jọ padà.

Awakọ̀ gba ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà lórí mi, ẹgbẹ̀rún méjì lórí àga.

"Bàbá, ta lẹ ń gbé e lọ fún?"

"Àwọn kan l'Ékòó."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ó bá a lórí àtẹ ní Ọjà Balógun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ rọra ná an o!"

Ohun tí mo ń rò gan-an ló sọ.

Ní Ìdúmọ̀tà, mo jẹ ẹ̀wà àgànyìn àti búrẹ́dì ẹgbẹ̀rún náírà. Ata rẹ̀ dúdú; nílé wa, a ó ní ó ti jóná. Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, mo sì ti àga náà dé Olówógbowó. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ bá mi tì í, mo ń ní rárá.

Wàsíù, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti rọ láti kékeré, pàdé mi lórí àga tirẹ̀. Nínú agboolé náà, àwọn mẹ́jọ ń gbá básikẹ́tì lórí ìjókòó. Àga rọ́bà tí wọ́n dè mọ́ táyà kẹ̀kẹ́ ni òmíràn nínú àga wọn. Ọkàn mi ti ń rọ̀ nígbà tí wọ́n pe ìrun Àìlà. Onírùngbọ̀n kan dìde lórí àga rẹ̀, ó na ara, ó fẹsẹ̀ rìn lọ ṣe àlùwàlá. Mẹ́ta tẹ̀ lé e.

Mo di àga mi mú. "Wàsíù, o pè mí láti Abẹ́òkúta wá wo jìbìtì?"

Alhája onílé, tó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, bú sẹ́rìn-ín. "Làmídì, wọ́n ní olè ni ẹ́!"

"Tòun ti ikùn yìí?" ni onírùngbọ̀n náà wí. "Ibo ni mo fẹ́ sá dé?"

Wàsíù kò rẹ́rìn-ín. "Àwa márùn-ún péré lẹsẹ̀ wa kò ṣiṣẹ́, sà. A ò lè tó ìhà méjì. Ará ilé ló ń bá wa jókòó. Abánijókòó là ń pè wọ́n. Kò sí ẹni tó ń dúró wòran níbí."

"Ẹ̀yin náà, Bàbá," ni Alhája wí, "lẹ́yìn ìrun, ẹ jókòó."

Mo rò pé ọgbọ́n àtigba àga náà ni. Ṣùgbọ́n ta ló lè gba àga lábẹ́ ẹni tó jókòó lé e? Mo jókòó.

Bọ́ọ̀lù kọjá mi lẹ́ẹ̀mẹta. "Bàbá, ẹ yí táyà! Ẹ gbé ẹsẹ̀ nílẹ̀!" ni Wàsíù ń pariwo. Bẹ́ẹ̀ ni Àbẹ̀kẹ́ ṣe máa ń bẹ̀ mí pé kí n wá àga kan, kí n bá òun gbá a. Mo máa ń kọ̀. Ẹ̀gbẹ́ pápá ni mo máa ń dúró sí, màá bá a mú omi dání, mo sì rò pé ìyẹn tó.

Kí n tó fi àga náà sílẹ̀, mo ní kí Wàsíù fọwọ́ sí ìwé pé ó gbà á, mo sì ya nọ́ńbà tó wà lábẹ́ àga náà ní fọ́tò. Kò bínú. "Ẹ máa wá yẹ̀ ẹ́ wò, sà. Ìhà kejì ò tíì pé."

Ìrọ̀lẹ́ ni mo délé, àtẹ́lẹwọ́ mi ti bó. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó mi, n kò jókòó bá a ṣeré rí. Mo ti sọ fún awakọ̀ náà pé kí ó máa dúró dè mí láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ó bi mí léèrè ìdí. Mo ní àga kan wà tí mo fẹ́ máa lọ ṣọ́.