Pàkúté Tí Bọ́látitó Dẹ Sínú Fóònù

Bọ́látitó kì í fi ìwọ̀n oníbàárà han ẹnikẹ́ni. Ó ti tó ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó ti ń ránṣọ ní ìlú Oǹdó, kì í sì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló mú àwọn obìnrin dúró tì í. Wọ́n mọ̀ pé bí ó bá fi téèpù yí àwọn ní ìbàdí, iye tó jẹ́ kò ní dé etí ọkọ, kò sì ní dé etí orogún. Inú ìwé kan ló ń kọ ọ́ sí, ó sì ń ti ìwé náà mọ́ inú dúrọ́ọ̀.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn èṣí, ikán wọ dúrọ́ọ̀ náà, ó jẹ ìdajì ìwé. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí Monílọ́lá, ọmọ aránṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan, fi dé láti Àkúrẹ́. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì níbẹ̀ ni, ó sì ti ṣe áàpù kan tí aránṣọ lè máa kọ ìwọ̀n sí lórí fóònù. Ẹnikẹ́ni kò tíì lò ó rí.

"Mọ́mì, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ lò ó. Ohun tí kò bá dáa níbẹ̀, ẹ sọ ọ́. Ẹ má wojú mi."

Ọ̀rọ̀ náà ì bá dùn mọ́ Bọ́látitó nínú, bí kì í bá ṣe ti ìyá Monílọ́lá, tí òun náà ń ránṣọ ní Ìsìkàn, l'Ákùúrẹ́. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà ni àwọn méjèèjì ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí wọ́n gba fúrídọ́ọ̀mù, mẹ́ta nínú àwọn oníbàárà ọ̀gá ló bá obìnrin yẹn lọ, ọ̀gá kò sì mọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Bọ́látitó kò gbàgbé. Nítorí ikán ló ṣe gba áàpù náà, ṣùgbọ́n ó ń ṣọ́ ọ.

Màmá Àánú, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló kọ́kọ́ gbé aṣọ wá, aṣọ ìkórè. Bọ́látitó ṣí fóònù. Áàpù ní kí ó kọ orúkọ, kí ó kọ orúkọ ìdílé, kí ó kọ ọjọ́ ìbí. Bí kò bá kọ gbogbo rẹ̀, kò ní jẹ́ kí ó tẹ̀ síwájú. Ogún ọdún ló ti ń pe obìnrin yìí ní Màmá Àánú. Kò mọ orúkọ mìíràn fún un.

"Ẹ má bínú, mà. Kí ni orúkọ yín gan-an?"

Màmá Àánú yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Orúkọ mi? Ìwọ, Bọ́látitó?"

"Fóònù ló ń béèrè, mà. Ó ní kí ẹ sọ ọjọ́ ìbí yín náà."

"Ó kù kí ó béèrè ọjọ́ tí n ó kú! Kí ló fẹ́ fi ṣe?"

Ó ká aṣọ rẹ̀ padà sínú ọ̀rá, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìsinmi, obìnrin méjì ti dá Bọ́látitó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé òótọ́ ni pé ó ń kọ orúkọ àwọn ránṣẹ́ sí Àkúrẹ́?

Ó pe Monílọ́lá. "O ní n má wojú rẹ. Mi ò ní wò ó. Áàpù rẹ kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Ọmọdé kì í béèrè orúkọ lọ́wọ́ àgbà. Bí mo bá sì ṣí i, ìbàdí gbogbo ayé á tò sílẹ̀ gbọọrọ, ẹni tó jókòó tì mí á máa kà á."

"Mo gbọ́, mà."

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Monílọ́lá tún áàpù náà ṣe, ó mú un padà wá. Kò béèrè ọjọ́ ìbí mọ́. Ìbéèrè kan péré ló kù lórí orúkọ: Báwo lẹ ṣe ń pè wọ́n? Orúkọ ẹni tí Bọ́látitó bá wá nínú rẹ̀ nìkan ló sì ń yọjú. Ó dára. Dídára yẹn gan-an ló tún kó Bọ́látitó láyà sókè. Ó kọ oníbàárà kan tí kò sí láyé sínú rẹ̀, Ìyá Ọlọ́runníyì, ó sì fi nọ́ńbà fóònù kékeré rẹ̀ kan sí i, èyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Bí ẹni kan bá pe nọ́ńbà náà láti Ìsìkàn, ó ti yé òun nìyẹn pé ìyá Monílọ́lá ń rí àwọn oníbàárà òun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, fóònù kékeré dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni: "Ìyá Ọlọ́runníyì, ẹ ṣé tí ẹ gbé aṣọ wá."

Bọ́látitó ti ṣọ́ọ̀bù, ó wọ bọ́ọ̀sì Àkúrẹ́. Ó bá Monílọ́lá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lórí itan. Ìyá rẹ̀ ń wa máṣíìnì nínú ilé. Bọ́látitó kò jókòó.

"Ta ni Ìyá Ọlọ́runníyì?"

"Mi ò mọ̀ wọ́n, Mọ́mì."

"O dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ yìí."

Monílọ́lá ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà, ó káwọ́ lérí. "Áàpù ló ń fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, mà. Mo rò pé inú wọn á dùn ni."

"Ọ̀dọ̀ ta ni nọ́ńbà wà tó fi rí i?"

"Ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo rẹ̀ ń kó jọ sí."

"Ìyá rẹ ńkọ́?"

Máṣíìnì tó ń dún nínú ilé dákẹ́.

"Wọn ò béèrè rí, mà."

"Bóyá ó béèrè kọ́ ni mo bi ọ́."

Ọmọ náà fa àga fún un, ó sì ṣiṣẹ́ níṣojú rẹ̀ títí aago méjì fi kọjá. Ó yọ ìdúpẹ́ kúrò. Ó ṣe é kí ohun gbogbo máa dúró sínú fóònù Bọ́látitó nìkan.

"Ṣùgbọ́n bí fóònù yín bá sọnù, Mọ́mì, gbogbo rẹ̀ ló sọnù. Mi ò ní lè bá yín wá a."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé mi ṣe rí. Ikán tó jẹ ẹ́ kò kà á."

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé fóònù lọ sílé Màmá Àánú. Màmá wọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó wo fóònù náà.

"Ta ló tún lè rí i?"

"Èmi nìkan, mà."

"Ẹni tó ṣe é ńkọ́?"

"Ó ní òun ò lè rí i mọ́."

"Ṣé o gbà á gbọ́?"

Bọ́látitó wo ilẹ̀. Oníbàárà ogún ọdún ló wà níwájú rẹ̀ yìí, irọ́ kékeré kan ì bá sì dá a padà. "Mi ò tíì mọ̀, mà."

Màmá Àánú wọ yàrá, ó gbé aṣọ ìkórè jáde. "Ká ní o sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, n kì bá tí gbé e fún ọ. Ó yá, wọ̀n mí. Orí bébà ni kí o kọ tèmi sí o. Kí fóònù yẹn ṣì máa dúró ná."