Gúùlù Bàbá Àgbà

Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí ẹ bá gbọ́ tí mo pe tíì ní téè. Ọ̀dọ̀ bàbá tó bí ìyá mi ni mo ti kó o. Káúkọ́mbà ni wọ́n ń pe kùkúḿbà, Rúùmù ni wọ́n ń pe ìlú Róòmù. Góòlù tó jẹ́ wúrà ńkọ́? Gúùlù! Wọ́n á sì fà á gùn bí ẹni ń fa okùn ọkọ̀ bọ̀ létí ọ̀sà.

Bàbá kan tó ti Sàró dé sí Àgbádárìgì ló kọ́ wọn níwèé. Bí bàbá Sàró yẹn ṣe gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu àwọn òyìnbó ìgbà tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló fi lé wọn lọ́wọ́. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé àwọn òyìnbó àtijọ́ ń pè é bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Bàbá àgbà ò ṣì í pè rárá.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù, àwọn ló ń ka Bíbélì lédè Gẹ̀ẹ́sì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, nítorí àjẹ́lẹ̀ òyìnbó àtàwọn akọ̀wé rẹ̀. Àwọn ló ń yan ibi tí wọ́n á kà, wọn ò sì ní ṣàìwá ibi tí góòlù wà. Àwọn ìyá àgbà Ègùn tó ń ta ẹja ní ọjà Agbálátà máa ń jókòó níwájú. Wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ wọ́n ti mọ ohùn bàbá. Bí bàbá bá ti ní “gúùlù,” àwọn náà á dáhùn, “Gúùlù!” bí ẹni ń ṣe àmín.

Ni àlùfáà tuntun bá ti Èkó dé. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì bàbá ti gbó, ó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì lójú. Bí wọn ò bá tún un ṣe kó tó di oṣù tó ń bọ̀, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ tíṣà dé ni màá máa kà á. Inú mi kọ́kọ́ dùn, mi ò ní purọ́. Lẹ́yìn náà ni ojú wá tì mí. Láti ìgbà tí ìyá tó bí ìyá mi ti kú, ìwé kíkà yẹn nìkan ló ń mú bàbá fá irùngbọ̀n.

Mo bá ní màá kọ́ wọn. Láràárọ̀, bí mo bá ti kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n á ní, “Ẹ káàárọ̀ o, tíṣà.”

“Bàbá, ẹ ní góòlù.”

“Gúù…”

“Góò, bàbá!”

“Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu mi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Rọra fà á.”

Wọn ò bínú lọ́jọ́ kan. Àgbàlagbà tó lè lé mi síta, ó jókòó, ó ń kọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ ọmọ rẹ̀. Mo fẹ́ràn wọn débi pé ó ń dùn mí.

Ọjọ́ pé, wọ́n kà á, wọn ò ṣi ẹyọ kan pè. Inú àlùfáà dùn, ó ń mi orí. Wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n ní “góòlù,” wọ́n dúró de ìdáhùn. Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Nígbà tó di ọ̀sán, àwọn ìyá àgbà gbé ẹ̀kọ àkàsà àti ẹja wá sílé wa. “A wá kí bàbá ni,” ni àgbà wọn wí. “Kí ló mú wọn lọ́fun? A retí gúùlù títí, a ò rí i.”

Bàbá rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín, títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọn ò sì tètè rí i nù.

Àwọn ìyá yìí ò bá àlùfáà jà o. Wọ́n kàn lọ jókòó síwájú ilé rẹ̀, wọ́n ní kó bá àwọn gbàdúrà fún ọ̀fun bàbá. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi lọ. Lọ́jọ́ kẹta, àlùfáà ní, “Ó tó, ẹ̀yin ìyá. Kí bàbá kà á bí wọ́n ṣe ń kà á tẹ́lẹ̀.”

Ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù tó tẹ̀ lé e, bàbá wọ wẹ́sìkítì wọn, wọ́n gun orí pẹpẹ. Wọ́n kà á dé ibi tí góòlù wà, wọ́n dúró, wọ́n wo ojú èmi tíṣà wọn.

“Gúùlù.”

Gbogbo wa dáhùn. Ohùn tèmi ló ga jù.