Pépà Tó Ń Dán

Èmi ni mo ṣí páálí pépà fọ́tò bàbá mi nínú oòrùn, kí n lè bá wọn yan èyí tó dán jù. Títí dòní, bí ìyàwó mi bá ṣí ìgò fínígà, tí òórùn rẹ̀ jọ ti omi tí wọ́n fi ń fọ fọ́tò, ọwọ́ mi á sáré lọ bo ìdí mi.

Inú yàrá wa n'Iléṣà ni bàbá mi ti ń fọ fọ́tò, lábẹ́ gílóòbù pupa, torí ìmọ́lẹ̀ mìíràn máa ń ba pépà náà jẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọn ò nà mí. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n ń wo fíìmù ọwọ́ wọn. Mo rò pé pàṣán ni wọ́n ń yàn lọ́kàn.

“Ìyá Délé,” bàbá mi ké sí ìyá mi, “ọmọ rẹ ti ba pépà dídán jẹ́. Èyí tí kò dán ló kù, kò sì yẹ ẹ́.”

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé fọ́tò kan ṣoṣo tí àbúrò mi yà kó tó kú ni wọ́n fẹ́ fọ̀.

Lọ́jọ́ náà, ìyá mi fi àtàǹpàkò ra ojú pépà tí kò dán náà.

“Ẹ fi èyí fọ̀ ọ́. Bó bá ń dán, ojú tèmi ni màá máa rí lára rẹ̀ dípò ojú ọmọ mi.”